Ọ̀dà Tuntun Nínú Yàrá Màmá

Kò sí ẹni tó wọ yàrá Màmá tí kì í tètè jáde. Kì í ṣe pé yàrá náà dọ̀tí o, nítorí kò sí yàrá tó mọ́ tó o ní gbogbo àdúgbò. Ó kàn ṣú ni, bí ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò sì fẹ́ rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni ògiri rẹ̀ ti jẹ́ àwọ̀ eérú. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, eruku òpópónà sì ti sọ ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ di bàìbàì. Bẹ́ẹ̀dì onírin wà ní igun tó jìnnà sí fèrèsé jù lọ, aṣọ funfun ló wà lórí rẹ̀, funfun ni kọ́tìnnì, funfun ni aṣọ orí tábìlì. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣẹ́ etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn, funfun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, funfun náà bá wọn délé. Bí èèyàn bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi àwọ̀ kan sí i, wọ́n á ní àwọ̀ wà fún ẹni tó ráyè.

Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Iṣẹ́ aṣọ àga ló ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé. Ìyá Kúṣìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ, kúṣìn nìkan ló ń bí, ó sì ń bí wọn ní ìbejì ìbejì. Òun náà a máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ yàrá yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan tí Ẹ̀gbọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n yìí ni àkọ́bí Màmá, awọnlẹ̀ ni, ìlú mìíràn ló ń gbé, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí wọn. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í gbé ìdí kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí bó ṣe máa ń ṣe, ó fi ojú wọn yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì mi orí.

"Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti ní ojú wọn ń rẹ̀ wọ́n," ó wí, "ẹ wá tọ́jú ẹni tí ojú ń rẹ̀ sínú òkùnkùn. Yàrá mẹ́rin ló ṣófo nílé mi. Tó bá di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí, mo máa wá gbé wọn."

Ọwọ́ Màmá wà létí tábìlì, wọ́n sì dì í mú gbọin.

Ìyá Kúṣìn sìn ín dé ìdí ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá ni ìṣòro àbí ojú?"

"Tí wọ́n bá ṣì ń ríran díẹ̀, yàrá ni. Ṣùgbọ́n tí ojú bá ti lọ pátápátá, kò sí ohun tá a fẹ́ bá ara wa jà sí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Ìwọ nìkan ò lè máa fa ẹni tí ò ríran lọ́wọ́, kó o tún máa rán aṣọ àga."

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Tí ẹ bá dé tí yàrá yẹn ò tàn, ẹ máa gbé wọn lọ, mi ò ní jiyàn."

"Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Nígbà tó padà wọlé, Màmá ṣì jókòó síbi tó fi wọ́n sí. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ lọ o. Mi ò fẹ́ lọ sí ilé tí mi ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà."

"Ẹ ò ní lọ, Màmá. Mo máa tún yàrá yìí ṣe, ẹ̀yin náà ò ní dá a mọ̀ mọ́."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lòun ń sọ. Kò rí bí ojú Màmá ṣe yí padà.

Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ á pe àwọn oníṣẹ́, á ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyá Kúṣìn ò ní irú owó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní ọwọ́ méjì, ó sì ní ojú tó lè rí ohun tó ṣeé lò nínú ohun tí ẹlòmíràn sọ nù. Gíláàsì fèrèsé ló kọ́kọ́ dojú kọ. Omi ọṣẹ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́ títí gíláàsì náà fi ń dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dígí gígùn kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí oníbàárà kan ti fi sílẹ̀, ara ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó fọ́ ni. Ó gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé lè di méjì. Àpótí igi méjì tí wọ́n fi ń kó èso ló gbà lọ́wọ́ eléso kan, ó fi bébà oníyanrìn ha wọ́n, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n sì di pẹpẹ. Apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti já ló dà dé gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ wá ń jáde lára rẹ̀ tótòtó.

Ó ku ọ̀dà. Ó ti bá Màmá sọ ọ́. "Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ kùn ún, Màmá. Bí ojú ọ̀run láàárọ̀."

"Búlúù dáa," ni Màmá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn búlúù."

Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà tó ń ta ọ̀dà. Ọ̀dà tí àwọn èèyàn bá rà tí wọ́n sì dá padà, ó ní ibi tó ń tò ó sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á ti àtàńpàkò bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ sórí ọmọrí garawa kí èèyàn lè mọ àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀dínwó ló ń ta ìwọ̀nyẹn. Ìyá Kúṣìn ti rí búlúù láàárín wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá yẹn ṣí garawa náà, ọ̀dà inú rẹ̀ ti gan, ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́.

"Yẹ́lò ló kù," ni Bàbá Ọlọ́dà wí. "Obìnrin kan ló dá a padà. Ó ní ọkọ òun ní ó ń gún òun lójú."

"Ẹ gbé e wá, bàbá. Ohun tó máa gún wọn lójú gan-an ni mò ń wá."

Ọjọ́ méjì ló fi kun yàrá náà. Òórùn ọ̀dà kì í ṣe ti àgbàlagbà, nítorí náà Màmá lọ sùn lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àtijọ́ kan, aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé ìwòsàn kan náà. Kó tó di pé Màmá dé, Ìyá Kúṣìn ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò ní igun, ó ti gbé e sábẹ́ fèrèsé, ó sì ti tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ègé aṣọ àga tó ṣẹ́kù láti ọdún mélòó kan ló tò pọ̀ rán an: àrán, dàmáàsìkì, sátíìnì, aṣọ nípọnnípọn tí wọ́n ń lò fún àga ọ́fíìsì. Gbogbo rẹ̀ ló ń tàn. Inú Ìyá Kúṣìn dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ láàárín yàrá, ó ń wò yíká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì àtijọ́ ló fa Màmá wálé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní òun ní nǹkan lórí iná. Màmá dúró. Wọ́n gbé orí sókè.

"Ọmọ mi," wọ́n wí, "ó mà dára o. Búlúù yìí tù mí lójú. Ojú ọ̀run láàárọ̀ ni lóòótọ́."

Ìyá Kúṣìn rẹ́rìn-ín. Màmá mọ àwàdà í ṣe, ó sì rò pé wọ́n ń fi yẹ́lò òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n yà sí ọ̀tún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, wọ́n yí ẹ̀yìn padà sí igun tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jókòó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn.

Ó sáré lọ bá wọn. "Màmá."

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," ni Màmá wí. "Ilẹ̀ tútù ló wù mí kí n jókòó lé."

Ó gbé wọn dìde, ó mú wọn dé bẹ́ẹ̀dì. Bí ọwọ́ wọn ṣe kan aṣọ orí rẹ̀ báyìí, gbogbo ara wọn rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é lórúkọ. "Àrán rèé. Dàmáàsìkì. Èyí, sátíìnì ni, àyìdáyidà lo sì rán an, ẹ̀yìn ẹ̀ lo fi síta. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àmọ́ ìwọ ti kó àkísà jọ o." Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wò wọ́n nígbà yẹn á búra pé ojú wọn mú bí abẹ́rẹ́.

Ìyá Kúṣìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, kò fi òwú sí i, kò fi aṣọ sí i, ó kàn ń wà á, kí Màmá lè máa gbọ́ ìró iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tó sì rí lọ́jọ́ náà pọ̀. Ó rí ife tíì tí Màmá máa ń ti ìka bọ̀ létí kí wọ́n tó bu omi kún un. Ó rí i pé wọn kì í kí èèyàn kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀. Ó rí i pé láti nǹkan bí ọdún kan ni wọn ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni sún àga kan kúrò níbi tó wà, tí òun ń pè é ní agídí àgbà. Ó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, ó sì ti fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí kò lè rí i. Inú bí i sí ara rẹ̀. Inú bí i sí Màmá náà, a ò ní purọ́.

Ó gbé fóònù láti pe Ẹ̀gbọ́n. Ó wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, ó rántí ohun tó sọ nídìí ọkọ̀, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé bẹ́ẹ̀dì padà sí igun rẹ̀. "Màmá, òjò á máa ta sí yín lára níbi fèrèsé yẹn. Mi ò rò ó dáadáa."

"Ẹn-hẹn," ni Màmá wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Òjò." Wọ́n sì mí kanlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà mìíràn ni Ìyá Kúṣìn gbà tún yàrá náà ṣe. Ó gé àrán ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó kàn án mọ́ ògiri ní ibi tí ọwọ́ Màmá dé, láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé ilẹ̀kùn, ó sì ta kókó sí i níbi tó ti kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà. Ó hun ẹní aṣọ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti délé. Ó so aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọwọ́ dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára tábìlì, sátíìnì fún aṣọ ìlékè, dàmáàsìkì fún aṣọ àwọ̀sùn, òwú líle fún oògùn. Àga kan ṣoṣo ló gbé síbi tí oòrùn ọ̀sán máa ń bọ́ sí, ó sì na àrán náà débẹ̀. Màmá ń fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é.

"Kí lèyí?" wọ́n á bi í.

"Ọ̀ṣọ́ ni, Màmá."

"Ọ̀ṣọ́ yìí mà dára." Wọ́n á tún fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ń purọ́ fún ọmọ, ọmọ ń purọ́ fún ìyá, ìfẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àìkú tí Ẹ̀gbọ́n dá, ó jókòó tì wọ́n. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ka gbogbo ohun tí mo ṣe fún yín, kí ẹ lè bá mi yìn ín fún Ẹ̀gbọ́n lọ́la." Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ti pẹpẹ àti ohun tó wà lórí rẹ̀, ti dígí, ti apẹ̀rẹ̀ tó dé gílóòbù. Nígbà tó dórí ògiri, ó ní, "Yẹ́lò ni ògiri, Màmá. Búlúù yẹn ti gan nínú garawa."

Màmá ò mira.

"Yẹ́lò," wọ́n wí.

"Yẹ́lò ni, mà. Bíi inú ẹyin."

"Mo gbọ́." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ rí, wọ́n sì dì í mú.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà náà ló tún dúró sí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dún wọ́nwọ́n. Ó wo yàrá náà, ó sì gbàgbé ẹnu rẹ̀ ní lílà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àbúrò rẹ ni," ni Màmá wí láti orí àga wọn. "Wo yẹ́lò yẹn, bíi inú ẹyin. Wo dígí tó gbé kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè di méjì. Àpótí èso ló fi ṣe pẹpẹ yẹn, fọ́tò bàbá rẹ ló wà lápá òsì." Wọ́n ń nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn ò yẹ̀. Ìyá Kúṣìn dúró ti ògiri, ó di aṣọ ara rẹ̀ mú.

"Ojú yín ti dáa sí i, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó hàn pé ara tù ú. "Tó bá rí báyìí, kò sí wàhálà. Ẹ máa gbé níbí. Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n tètè máa padà lọ, ọ̀nà jìn." Kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìyá Kúṣìn ti ń mí èémí ìtura. Ó ti parí nìyẹn. Ohun tí ó wá, ó ti rí i.

"Dúró," ni Màmá wí. "Mi ò ríran."

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà.

"Mi ò rí yẹ́lò kankan. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi lánàá. Láti ìgbà òjò èṣí ni ojú mi ti lọ tán."

"Láti èṣí." Ó wo àbúrò rẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀. "Ẹ wá jókòó, ẹ ń wò ó kó máa kun ògiri fún yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò kun nǹkan kan fún mi rí," ni Màmá wí. "Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ gíláàsì, tó ń kọrin. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ó ń fi ọ̀dà ṣòfò ni?"

Ìyá Kúṣìn bo ojú rẹ̀. Kò bìkítà mọ́ pé wọ́n ń gbọ́ ẹkún òun.

"Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ ọ́ báyìí?" ni Ẹ̀gbọ́n bi wọ́n. "Mo ti ní kí ẹ máa gbé níbí. Ẹ ti borí."

"Kí n má baà fi irọ́ gbé níbí. Tó o bá gbé mi lọ sílé rẹ, mo máa jókòó síbi tí wọ́n bá fi mí sí títí wọ́n á fi gbé mi kúrò. Níbí, ojú mi nìkan ni kò ríran. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi náà á fọ́jú." Wọ́n dìde. Wọ́n fi ọwọ́ kan àrán ara ògiri, wọ́n rìn ín láti àga dé bẹ́ẹ̀dì, láti bẹ́ẹ̀dì dé ibi kókó tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, títí wọ́n fi dúró síwájú Ẹ̀gbọ́n gan-an, tí ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Kò sí ẹni tó dì wọ́n mú.

Ẹ̀gbọ́n ò lè wò wọ́n lójú. Ògiri ló ń wò. "Ọ̀dà yìí wá ńkọ́? Dígí? Ta ni wọ́n wà fún?"

"Ìwọ ni," ni Màmá wí. "Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, o ò jókòó nínú yàrá yìí rí. Ẹnu ọ̀nà yìí náà lo máa ń dúró sí. Mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó kùn ún o, kó ṣe é kó dára, bóyá tó bá dára tó, wàá jókòó."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ò dún mọ́. Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó rìn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó sórí aṣọ àmúlùmálà náà. Irin bẹ́ẹ̀dì náà dún lábẹ́ rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n yí ojú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò ní lọ ibì kankan, Màmá," ó wí. "Èmi ni màá máa wá. Tó bá ti di Àìkú—"

"Má ṣèlérí," ni Màmá wí. "Jókòó ná."